Ohun tí Ìwé Náà Wí

Ọjọ́ Ajé ni ìwé dé, ojú ewé méjì,
òǹtẹ̀ pupa lórí rẹ̀, Òyìnbó tó ń dán bí àwo tuntun.
Ìyá Adébómi tó ń gbá ọ́fíìsì wa
fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní,
"Olùkọ́, kí ni wọ́n wí?"

Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtumọ̀
lórí òkè yìí, ní Ìjerò,
níbi tí ọyẹ́ ti ń mú kó tó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ìlú.
Mo ka ìlà kìíní. Mo tún un kà.
Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní a ó tún ilé tò."
Ó ní, "Ta ló máa jáde nínú ilé?"
Mi ò rí ìyẹn nínú ìwé.

Ìlà kẹrin ní àwọn ẹ̀ka kan yóò fara ti ara wọn:
Èdè, Ìtàn, Ẹ̀sìn,
yàrá kan, olórí kan, firíìjì kan tí kì í tutù.
Ìlà kẹsàn-án dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún sùúrù
tí ẹnikẹ́ni kò bi wá bóyá a ní.
Owó oṣù? Wọ́n ní ọ̀ràn náà ń lọ lọ́wọ́.
Ìyá Adébómi rẹ́rìn-ín:
"Ọmọ mi náà ń lọ lọ́wọ́ láti ọdún kẹta,
kò tíì dé ibì kankan."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn.
Jẹnẹrétọ̀ kò lépo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́.
Adébùsúyì, ọ̀gá àgbà wa, dìde, ó ń kàwé.
(Èmi àti ẹ ti jọ jẹ ẹ̀wà nínú ìkòkò kan rí,
nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́;
nígbà náà, bí owó bá tán, á ní owó tán.)
Ó kan ojú ewé kejì, òjò dé.
Òjò Èkìtì lórí páànù: ẹnu rẹ̀ ń mì,
a ò gbọ́ nǹkan kan.
Ó dúró. A dúró.
Ẹnì kan fi ẹ̀pà ránṣẹ́ láti ẹ̀yìn, a ń pín in jẹ.
Omi jò láti àjà sórí ìwé rẹ̀,
òǹtẹ̀ pupa náà ń ṣàn lọ.

Nígbà tí òjò dá, ó ká ìwé náà sápò.
"Ẹ gbọ́. Owó ti tán.
Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni uṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn.
Mo ti mọ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ̀rù ló bà mí."

Uṣẹ́ ló pè é. Kò pè é ní iṣẹ́.
Èmi tí mò ń fi fáwẹ́lì jẹun, mo gbọ́ ọ:
bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn,
bí tèmi náà ṣe ń pè é bílẹ̀ bá mọ́.

Dókítà Fápòhùndà, onímọ̀ òkúta, nàró.
"Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?"
"Ó wà."
Ó jókòó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún,
ó ń nù ún.

Ẹ má rò pé mo ti dárí jì í.
Ẹrẹ́nà sí Ọwẹ́wẹ̀ kì í ṣe ọ̀la.
Ẹni tó bá mọ̀ ní Ẹrẹ́nà ì bá ti gbin ègé;
Fápòhùndà ra páànù ni, àwìn.
Síbẹ̀, nígbà tí a ń jáde,
ohùn mi ti padà sọ́rùn mi,
mo lè túmọ̀.

Ìyá Adébómi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ Ẹtì.
Mo sọ ọ́ fún un pẹrẹ, lédè ilé wa.
Ó mi orí, ó mú ìgbálẹ̀, ó tún dúró.
"Àwa tí à ń gbálẹ̀ ńkọ́, olùkọ́,
ṣé a wà nínú mọ́kànlélógójì ọ̀hún?"

Gbọ̀ngàn kún lánàá, a tó igba.
Kò sí ẹni tó béèrè.
Èmi náà ò béèrè.