Lẹ́tà Tí Kò Bá Wọn Nílé

Lẹ́tà náà ò purọ́.
Ó ní: Ẹ dákun, ẹ gbé ọkọ̀ yín wá,
iná ò mú ṣáàfù rẹ̀ dénú nígbà tá à ń rọ ọ́,
ó lè já lójú eré.
Ọ̀fẹ́ la ó pààrọ̀ rẹ̀.
Wọ́n lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, wọ́n fi ránṣẹ́
sí oníbúrẹ́dì kan ní Bremen.
Oníbúrẹ́dì ti kógbá sílé.
Òdòdó ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.
Ọmọge tó ń ta òdòdó yẹ àpòòwé wò síwá sẹ́yìn,
ó ká a sí mẹ́rin,
ó fi há ilẹ̀kùn tí kì í pa dé.

Ẹni tá a pè ló ń jẹ́.
Ẹni tí wọn ò pè ńkọ́?
Ọkọ̀ tí wọ́n ń wí ti rìn jìnnà:
ó sun òtútù kan ní Lithuania,
ó fi ẹ̀ẹ̀rùn méjì kó símẹ́ńtì ní Kazakhstan,
ó sin olówó mẹ́ta, ó bọ́ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀
kó tó dọ́wọ́ Toktosun ní Tokmok,
tó fi ń kó àlùbọ́sà gba orí òkè lọ sí Osh.
Èéfín ṣì ń rú lórí búrẹ́dì tí wọ́n yà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Burulcha ló wà lábẹ́ ọkọ̀ lónìí.
Páálí ló tẹ́, yìnyín ń yọ́ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn.
Toktosun ní, "Ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀ ni
tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ kọjá ọgọ́ta.
Bí orúnkún bàbá mi ni, tó bá gbóná tán, á dákẹ́."
Burulcha ò fèsì. Ó fi àkísà nu gírísì,
ó rí nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin,
ó kà á sókè fún ọmọ rẹ̀ tó di fóònù mú:
méje, méje, oókan, òdo, mẹ́sàn-án.
Ọmọ náà dákẹ́.
"Ìyá, ó wà níbẹ̀."

Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.
Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń ké e
ní èdè tí òkè Töö-Ashuu ò gbọ́.

Toktosun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ìrìn àjò:
èyí tó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ bímọ,
èyí tí ọkọ̀ ọmọ iléèwé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní kọ́nà.
Ìka tán, ìrìn ò tán.
Ó jókòó sórí táyà.

Ohùn kan láti Almaty sọ lórí fóònù pé
kí wọ́n mú ìwé ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ wá.
Ẹni tó kọ́kọ́ rà á!
Ẹ lọ wá a láàárín òdòdó.

"Dá a padà, Burulcha. Àlùbọ́sà á dì mọ́jú.
Ṣebí ó gbé mi dé òní?"
"Irin ni. Kò rántí pé òun ti ń ṣe ọ́ lóore."
Ó tú nọ́ọ̀tì kẹjọ,
ṣáàfù bọ́ sílẹ̀, gbì!
Ó wọ́ ọ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Àlùbọ́sà dì lóòótọ́.
Nígbà tó yọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá,
ojú Toktosun pọ́n,
ta ló lè mọ ohun tó ń sunkún lé lórí?
Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá Burulcha sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin náà po ọ̀dà pupa,
ó kọ nọ́ńbà yẹn gàdàgbà sára ilẹ̀kùn páànù.
Ó kọ sábẹ́ rẹ̀: Bó bá jọ tìẹ, dúró.
Kò sí sítáǹpù.

Awakọ̀ kan láti Naryn yà wá mu tíì.
Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín.
Ó mu tíì dé ìdajì,
ó gbé ife sílẹ̀,
ó jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó bọ́ fìlà,
ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yìnyín,
ó tan tọ́ọ̀ṣì.