Ilẹ̀gbóná Nílẹ̀ Yìnyín

Lóṣù kẹsàn-án, kí yìnyín tó bọ́,
ológbò Fefróníyà gbé eku wá sẹ́nu ọ̀nà.
Kò jẹ ẹ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó wá san gbèsè,
eku kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí ìṣó tó ti dógùn-ún.
Ìyá àgbà di ìrù rẹ̀ mú, ó jù ú sídìí igi páìnì,
ó ní, "Túmánì, o ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti jẹun."

Túmánì ni kùrukùru lédè àwọn baba rẹ̀,
àwọn ará Rọ́ṣíà tó wọkọ̀ ojú omi dé Kẹ́náì,
tí wọ́n fẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí wọn kò padà mọ́.
Ológbò náà fi èékánná ha á lábẹ́ abíyá
níbi tó ti ń gbé e kúrò lórí àwọ̀n ẹja.
Ta ní ń ka èékánná ológbò sí?

Lọ́sẹ̀ kan, kókó yọ, ó le bí ẹ̀pà.
Lọ́sẹ̀ kejì, ó pọ́n, ó jin láàárín bí ìdodo.
Wọ́n ní alántakùn ló bù ú jẹ.
Wọ́n fún un lóògùn pupa, wọ́n fún un ní funfun.
Apá oògùn kò ká a;
apá Fefróníyà pàápàá kò gbé ìkòkò tíì mọ́.

Dókítà Halifọ́sìn, ọmọdékùnrin tó máa ń jẹ èékánná,
gé ẹran bíńtín, ó fi bàálù rán an lọ sí gúúsù.
Ọjọ́ mọ́kànlá.
Fóònù dún: ẹbí ilẹ̀gbóná ni, àbúrò kan tó jìnnà.
Fẹ́abáńkì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, lókè lọ́hùn-ún,
ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú mọ́tò.
Kí ló wá ṣe níbí?

Lédè tèmi, a kì í pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.
Ilẹ̀gbóná là ń pè é, ká má baà jí i.
Kí la ó wá pè é níbi tí ilẹ̀ ti dì,
tí wọ́n ń dáná sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè?

Àwọn onímọ̀ dé pẹ̀lú pańpẹ́, ẹ̀pà lílọ̀ ni ìjẹ rẹ̀.
Wọ́n mú ogójì eku. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Túmánì.
Aládùúgbò kan ní kí wọ́n yìnbọn pa á.
Fefróníyà gbé apá tó wà nínú báńdéèjì:
"Ẹ bi eku yín léèrè kí ẹ tó bi tèmi."

Wọ́n bi í. Èyí tí wọ́n mú lánàá ní àmì lẹ́jẹ̀.
Èyí tó ti kú lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn,
tó dì gbagidi nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, òun náà ní i.
Àlejò kọ́.
Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la títì;
ojú wa ni kò rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọgbẹ́ jiná lóṣù kejì, ó fi àpá sílẹ̀ bíi kọ́bọ̀.
Ìyá àgbà ń wọ ìbọ̀wọ́ báyìí
bí Túmánì bá ti gbé ẹnu tó kún dé.
Ó ṣì máa ń sọ pé o ṣeun.