Eruku Kan Ṣoṣo

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbá gbọ̀ngàn tí ẹnìkan ò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀,
lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, ní Àkúrẹ́,
níbi tí àwọn obìnrin ti jókòó rí
tí wọ́n ń fi òjé gbígbóná lẹ ìfun rédíò.
Mọ̀rẹ́nikẹ́ ìyàwó mi wà lára wọn.
Òórùn òjé ò kúrò lára gèlè rẹ̀ títí ó fi kú.
Nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n di kọ́kọ́rọ́ mú, àwọn ń bọ̀.
Mo dì í mú.

Wọ́n dé lóòótọ́, ní Ọjọ́rú tó kọjá,
mọ́tò méjìlá, dúdú, tó ń dán bíi kóró iṣin.
Kọmíṣọ́nà ní ìjọba ti jí.
Ó ní yanrìn Igbókòdá tí omi òkun ń fọ̀ lásán,
ìyẹn la ó yọ́, la ó gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
tí yóò di ọpọlọ fóònù,
ohun tí ò tó èékánná ọmọ ìkókó.
Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ló wà tí iná fi lọ.
Ẹ̀rọ amúnáwá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A ti dàgbà ju ẹ̀rín yẹn lọ.

Ọmọbìnrin kan ló dúró lẹ́yìn wọn, Ìbíròńkẹ́,
onímọ̀-ẹ̀rọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kòríà.
Ó fi ìka kan fa orí tábìlì Mọ̀rẹ́nikẹ́,
ó wo ìka náà bí ẹni ń ka lẹ́tà.
"Bàbá, eruku kan ṣoṣo, èyí tí ojú ò rí,
bó bá bà lé e, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín.
Ta ni yóò bá ọyẹ́ sọ̀rọ̀?
Ta ni yóò sọ fún àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ògiri?
Ohun tí yanrìn bí, tí eruku ń pa,
irú ẹbí wo nìyẹn?
Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá bèèrè ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé,
fèrèsé tí kò pa dé dáadáa,
ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè eruku rí,
èmi tí mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi.

N ò gba ìjọba gbọ́. Ẹnu ìjọba gùn ju apá rẹ̀ lọ.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ mo kán epo sínú àgádágodo,
mo yí kọ́kọ́rọ́ síwá, mo yí i sẹ́yìn,
mo sì tún tábìlì Mọ̀rẹ́nikẹ́ nù,
tòun ti abẹ́ rẹ̀.