Ojú Lókè Ìbòmú

Àádọ́jọ igi, àádọ́jọ orúkọ.
Èmi ni mo fi tàdáwà dúdú kọ wọ́n sára páálí pẹlẹbẹ,
tí mo so páálí mọ́ ọrùn igi kọ̀ọ̀kan
nínú ahéré onígíláàsì mi lẹ́yìn ìlú Lúgò.
Kásítáńyà ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún méjì,
wọn ò ga ju orúnkún mi lọ.
Èso wọn, bó bá dé, inú èèpo ẹlẹ́gùn-ún ni yóò wà:
ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ẹ̀gún á kọ́kọ́ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba ìlú ló ní ká fi dúpẹ́
lọ́wọ́ àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, awakọ̀ áńbúláǹsì,
àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn tí ikú ti sùn lé.
Wọn ò bi mí bóyá èmi náà ní ẹni tí mo jẹ lọ́pẹ́.

Mo ní in.
N kò mọ orúkọ rẹ̀.

Lóṣù kẹrin ọdún tí ayé tilẹ̀kùn,
Sabela ìyàwó mi wà ní àjà kẹta ọsibítù,
èmi wà nílé, mò ń wo fóònù
bí ẹni ń wo ìkòkò tó kọ̀ tí kò hó.
Aago mẹ́ta òru, ó dún.
Ojú méjì ni mo rí, lókè ìbòmú, lẹ́yìn ike,
ojú tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀ láti ìjẹta.
"Ẹ máa sọ̀rọ̀, bàbá, mo ti gbé e sí i létí."
Kí ni mo sọ? Mo ní ológbò ti bímọ.
Mo ní mo ti san owó iná.
Ogójì ọdún tọkọtaya, owó iná ló wá sí mi lẹ́nu!
Ọwọ́ yẹn ò gbọ̀n. Ó di fóònù mú títí èémí fi tán,
ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.
Fóònù ló kà á, kì í ṣe èmi.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tò síwájú ọsibítù nínú òjò wínníwínní,
ojú ni mò ń wá.
Àṣé ìbòmú ti ṣí! Imú ti dé, ẹnu ti dé,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dé pẹ̀lú ẹ̀rín tí n kò mọ̀ rí.
Ojú wá pọ̀ jù fún mi láti rí ojú.
Dókítà Outeiro gba tirẹ̀, ó tì í sẹ́yìn ọkọ̀.
Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò kú sí. N kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́.
Brais awakọ̀ ń bi mí bóyá màlúù lè jẹ ẹ́.
Olórí ìlú ń ka ìwé, òjò ń pa tàdáwà rẹ̀ rẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. "Ermitas Vilar, agbálẹ̀ òru."
Obìnrin kúkurú kan jáde, bàtà rọ́bà rẹ̀ ń ké fín-ín, fín-ín.
"Àjà karùn-ún ni mò ń gbé, n kò nílẹ̀,
àfi ìkòkò kan tí mo gbin àlùbọ́sà eléwé sí.
Ẹ mú un padà, bàbá."

Bàbá.
Etí mi ló dá a mọ̀.
Kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá. Ẹni tó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri
kó lè gbé fóònù.

Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo ní ológbò ti tún bímọ.
Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́.
"Ṣé ẹ ti san owó iná?"

Ibi tí Sabela máa ń sá aṣọ sí ni a gbìn ín.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni bọ́ọ̀sì Ermitas ń dé.
Kì í bá igi sọ̀rọ̀. Ó kàn ń gbá ewé ìdí rẹ̀.
Mo ní kó fi í sílẹ̀, oúnjẹ igi ni. Kò gbọ́.
Yóò ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó so,
mo sì ti lé lẹ́ni àádọ́rin.
Ẹni tó bá wá jẹ ẹ́, kó rọra.
Ẹ̀gún ń bẹ lára rẹ̀.