Níwájú Kántà

Ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ kò sí nídìí rẹ̀ mọ́.
Bóòtù mẹ́rin ló ṣẹ́kù nínú sìmẹ́ńtì,
wọ́n yọ sókè bí eyín tó kù lẹ́nu arúgbó.
Òróró dúdú ṣàn lọ sójú ọ̀nà.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tọ́ ọ. Kò tíì gbẹ.

Bàbá Mẹ́dùpín ní kí n fara balẹ̀.
"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Ọmọ Ejùkú kan náà ni gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká pèpàdé."
Ìpàdé!
A pèpàdé nígbà tí wọ́n jí ewúrẹ́ Ìyá Tọ̀lọ́runjù,
a pèpàdé nígbà tí wọ́n gé wáyà iná.
Obì la jẹ. Ewúrẹ́ kò padà,
òkùnkùn ṣì wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dòní.

Mo gun ọ̀kadà, ó di Ìsánlú.
Lẹ́yìn ọlọ́kadà ni mo ti ń ya ojú sọ́tọ̀, tí mo ń ya etí sọ́tọ̀:
ohun tí mo rí nìyí,
èyí tí wọ́n sọ fún mi, kó dúró lápá kan.
Orúkọ kan ń yún mi láhọ́n.
Mo gbé e mì.

Àgọ́ ọlọ́pàá: ọ̀dà búlúù tó ń ṣí,
alùpùpù mẹ́ta tí koríko ti hù gba àárín táyà wọn,
àti lára ògiri, gàdàgbà: Ọ̀FẸ́ NI BÉÈLÌ.
Ẹnìkan fi èédú kọ "irọ́" sábẹ́ rẹ̀,
ẹlòmíràn gbìyànjú láti nù ún, kò nù tán.
"Ọ̀kun o."
Sájẹ́ǹtì kò gbójú sókè.
Ó ní kí n mówó ìwé wá.
Mo fa ìwé ọmọ mi yọ nínú báàgì, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìṣirò.
Mo fa bírò yọ tẹ̀ lé e.
Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò fẹ́ kí n rí i.

"Ó yá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"
Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Igálà nínú.

Mo ní: òru Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.
Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù; ọmọ ń wúkọ́, mo wo fóònù.
Mo gbọ́ alùpùpù méjì,
ọ̀kan ń hó bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn.
Pupa ni ẹ̀rọ náà. Orúkọ olóògbé ọkọ mi
wà nídìí rẹ̀ ní ọ̀dà funfun: OLÚKỌ̀TÚN.
Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Rìsíìtì nìyí, eku ti jẹ etí rẹ̀.
Ipa táyà gba oko káṣú lọ;
mo da ọpọ́n méjì bò ó, kí ewúrẹ́ má tẹ̀ ẹ́.

"Ta lo fura sí?"

Ẹnu mi wúwo.
Mo ní, n kò rí ojú ẹnikẹ́ni.
Wíwá, iṣẹ́ tiyín nìyẹn.

Ó ka ohun tó kọ fún mi. Ó ti kọ "dúdú".
Pupa ni mo wí.
Ó fagi lé e kí n tó fọwọ́ sí i.
"Kí lorúkọ yín?"
"Tèmi?"
"Tiyín, àti nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."
Ó kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ mi, Akubo, sájẹ́ǹtì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí tíṣà ti fi bírò pupa kọ
"Tún un ṣe."
Mo dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní, "Ọ̀kun, ìyá."

Ẹ̀rọ kò tíì dé. Bàbá Mẹ́dùpín kò kí mi.
Àmọ́ lálẹ́ Ẹtì, Ìyá Tọ̀lọ́runjù yọ́ wọlé,
ó ti ilẹ̀kùn,
ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ọdún tó kọjá kò tíì pẹ́ jù.
Mo ṣí ìwé sí ojú ewé tó mọ́.
Mo ní, "Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"