Àpótí Adébáre

Ó wúwo bí ọlọ tó pàdánù ọmọ rẹ̀.
Adébáre gbé e sórí tábìlì mi ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n,
ó ní, "Bàbá, anpilifáyà ni, ṣùgbọ́n etí ẹnìkan ṣoṣo ló ń sìn."
Irin dúdú, kò lẹ́nu, kò lójú,
àfi bọ́tìnnì kan tó ń dán bí ṣíbí àlejò.
Mo bi í pé èló. Ó wojú fèrèsé.
Nígbà tó dárúkọ owó náà tán, mo ní,
"Màlúù mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

A dúró de iná.
Ó dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó lọ,
ó tún padà bí ẹni tó gbàgbé fìlà.
Ọmọ náà ní kí n mú sùúrù, pé ẹ̀rọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná,
bí ọbẹ̀ àná.
Ó wá fi íápíìsì ńlá bò mí létí méjèèjì,
awọ rẹ̀ rọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ jòjòló.
Ariwo ọ̀kadà kú. Ewúrẹ́ ìyá Olúgbodi panu mọ́.
Mo rò pé mo ti dití.

Kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin wa ni mo ní kó fi sí i,
ti ìkórè 1986, ọdún tí alùpùpù gbé mi ṣánlẹ̀
tí eyín iwájú mi kan bá a lọ.
Adébáre ti gbọn eruku ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.
Orin tí mo mọ̀ bí ọ̀nà balùwẹ̀ mi lóru,
kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbọ́ nínú ẹ̀?

Yàrá ló kọ́kọ́ wọlé, orin ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.
Páànù ṣọ́ọ̀ṣì ń nara sí oòrùn, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.
Ẹnìkan sún bẹ́ǹṣì. Ọmọdé kan ń fa ọsàn mu.
Àwọn obìnrin mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà,
fùùù, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé lórí okùn,
mo sì mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn dúró:
Felísíà lápá òsì, ọwọ́ rẹ̀ ń kan ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀;
Dọ̀káàsì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú lọ́jọ́ náà.
Ohùn ìsàlẹ̀ ò gbọ̀n mí jìgìjìgì,
ó kàn wá jókòó sí ìpàkọ́ mi bí àgbà tó bọ́ bàtà.

"Báwo ni, Bàbá?" Mo nawọ́ sí i kó dákẹ́.

Ẹsẹ kẹta ń bọ̀.
Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti sáré wọlé ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́,
tó ba orin jẹ́ fún wa títí ayé.
Gbọ́lágadé ni. Gbogbo wa mọ̀ pé Gbọ́lágadé ni.
Èmi ni mo sọ ọ́ ní Sáréwọlé,
orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́.
Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn, létí ilẹ̀kùn, ló ń jókòó sí,
ó ń mi ètè, ohùn kì í jáde.

Ó dé.
Gbọ́lágadé wà lápá ọ̀tún, kò tíì kọrin:
mo gbọ́ èémí tó fà sínú, tó dì mú, tó ń retí àsìkò rẹ̀.
Ohùn tó sáré wá láti àárín gbùngbùn, nítòsí máìkì,
ó ń súfèé lórí "ṣ" bí kẹ́tùlù tó fẹ́ hó,
bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde.
Ta ló dúró nítòsí máìkì?
Ta ló ni rédíò tí a fi gbà á sílẹ̀?

Mo ní kó tún un fi sí i. Ó tún un fi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.
Nǹkan olówó gọbọi yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń boni láṣìírí.

Mo bọ́ ọ létí. Ewúrẹ́ padà dé.
"Ó dáa àbí kò dáa?"
"Ó mọ́ jù," ni mo wí.
Mo wo wáyà rẹ̀, mo fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀.
"Ṣé ọ̀kadà lè gbé e dé Pápákọ̀ lọ́la?
Wọ́n ní etí Gbọ́lágadé ti ń di.
Bọ́tìnnì yẹn, ibo ni òpin rẹ̀?"