Ojú Tó Ń Wo Ìsàlẹ̀

Yìnyín ni mo dúró lé, kò nípọn ju mítà kan lọ,
omi tó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà wà lábẹ́ rẹ̀.
Adágún Baikal ni, oṣù kẹta, oòrùn ò tíì yọ.
Èmi Zorigto, ọmọ Dashinima apẹja,
èmi ni mò ń yí ẹ̀rọ tó ń fa okùn.

Bàbá mi gbẹ́ ihò sínú yìnyín yìí kó lè rí ẹja jẹ.
Èmi náà gbẹ́ ihò,
ṣùgbọ́n ojú ni mò ń fà sókè:
ojú inú gíláàsì, ó tóbi ju bàrà lọ,
mẹ́rìndínlógójì lórí okùn kan,
bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín fún ìdí òmìrán.
Gbogbo wọn dorí kodò. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo bi Zinaida Arkadyevna:
"Ìyá, ẹ ní ìròyìn ọ̀run lẹ̀ ń wá,
ẹ wá kẹ̀yìn sí ọ̀run?"
Ó bu tíì oníyọ̀ kún ife mi.
Ó ní ohun táwọn ń retí kéré débi pé ayé ò lè dá a dúró.
Ìhà kejì ayé ló ń gbà wọlé,
ó la òkun, ó la àpáta, ó la iná inú ilẹ̀ já,
kò kan ilẹ̀kùn, kò kí baálé.
Nínú ẹgbàágbèje wọn, ọ̀kan ṣoṣo lè ṣèèṣì fèjìká gbá omi,
omi á sì ṣẹ́jú, búlúù, lẹ́ẹ̀kan.
Ìṣẹ́jú tí kò tó ìṣẹ́jú.
Nítorí ìyẹn la ṣe da ojú tó pọ̀ tó báyìí sínú òkùnkùn.

Ojú tuntun ti dé báyìí nínú àpótí.
Èyí àtijọ́, ẹyinjú ràbàtà kan ló wà nínú gíláàsì kan.
Tuntun kó ẹyinjú wẹ́wẹ́ mọ́kànlélógún jọ bí ojú eṣinṣin,
ó ń wòkè, ó ń wẹ̀gbẹ́, ó ń wolẹ̀.
Timofei, ọmọ Irkutsk, tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún, ló ń ṣàlàyé:
"Àwọn àgbà yìí ti ń rí ohun tí kò sí.
Nínú òkùnkùn biribiri, wọ́n á pariwo pé ìmọ́lẹ̀ rèé!
Ẹ débẹ̀, òfo."
Zinaida ò fèsì. Ó ń ka okùn.

Ọjọ́bọ̀ la fa nọ́ńbà okòó-lé-nírínwó jáde.
Òun fúnra ẹ̀ ló dán an wò nínú yàrá dúdú lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn,
nígbà tí ọkọ ẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀ ẹrù wa.
Ẹrẹ̀ adágún bo ìpàkọ́ ojú náà bíi fìlà,
ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ mọ́ kedere.
Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́, nínú òtútù tó ń bu ènìyàn jẹ,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.
Ó tú ìborùn ẹ̀, ó fi bo gíláàsì náà kí oòrùn má rí i.
Timofei rẹ́rìn-ín: "Ìyá, kò síná nínú ẹ̀ mọ́,
oòrùn ò lè ṣe é ní nǹkan."
"Mo mọ̀. Ta ló kọ́ ẹ?"

Yìnyín ké lábẹ́ wa, ohùn gígùn, bí aṣọ tó ń ya.
Oṣù kẹrin ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.
Mo sọ okùn tuntun kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú tẹ̀lé ojú,
títí omi fi gbé èyí tó kẹ́yìn mì.

Wọ́n ní ojú tó rí ibi tí kò fọ́, ire ló ń dúró dè.
Èyí tí kò rí ju òkùnkùn lọ ńkọ́,
tí kò sì fọ́?

Lálẹ́, mo yọjú sí Timofei nídìí kọ̀ǹpútà.
"Ó ti rí nǹkan?"
"Rárá o. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ dáadáa."
Níta, Zinaida ti gbé nọ́ńbà okòó-lé-nírínwó sínú mọ́tò,
ní ìjókòó iwájú, tòun tìborùn,
ó sì ti di bẹ́líìtì mọ́ ọn.